Apá Òsì Ni Wọ́n Ń Gún

Ẹ jẹ́ kí n ti ojú mi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń rí. Ilẹ̀gbóná bá mi jà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ní abúlé wa lójú ọ̀nà Afọ́n, níbi tí bàbá mi ti ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, tó sì ń sin ewúrẹ́ mélòó kan. Èmi àti ìyá mi ló mú lọ́sẹ̀ kan náà. Èmi yè, ìyá mi kò yè. Ohun tó fi sílẹ̀ fún mi ni àwọn kòtò wẹ́wẹ́ tó kún ojú mi láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n, tí àwọn ọmọ ilé kéú fi ń pè mí ní Afárá Oyin. Ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, màá nà án. Mo ti di ìyá àgbà báyìí nínú ilé mi ní Basin, nínú ìlú Ìlọrin, n kò sì tíì rí ìdí tó fi yẹ kí n máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ojú yìí.

Bàbá mi ṣe ohun kan tí gbogbo abúlé fi bú u: ó fi mí sí ilé ìwé. Obìnrin ni mí, ojú mi kò sì fani mọ́ra, kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe? Ó ní, "Bí ojú ò bá fa ọkọ wá, ọwọ́ á wá oúnjẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí nígbà náà, àmọ́ ó mọ ohun tó ń sọ. Ìkọ̀wé mi dára tó bẹ́ẹ̀ tí tíṣà wa fi ń gbé ẹfun fún mi pé kí n kọ ohun tí gbogbo kíláàsì máa dà kọ sára pátákó. Mo kọ́ ọ débi tí ilé ìwé abúlé mọ, mo padà sóko, mo ń bó ẹ̀gẹ́.

Ẹ wá fojú inú wo bí ẹnu ti ya àwọn ará ilé wa nígbà tí ìdílé ńlá kan láti ìtòsí Ọjà-Ọba ní Ìlọrin wá tọrọ mi fún ọmọ wọn. Ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ni. Ìdílé tó ń bá àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ṣètò ìwé ìrìnnà ni wọ́n, àwọn èèyàn tó ń ṣe sàdáákà ní gbogbo Jímọ̀, tí tálákà máa ń tò sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ìyàwó bàbá mi wólẹ̀, ó ní Ọlọ́run ti dáhùn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ará oko tójú rẹ̀ rí báyìí, tó wá di ìyàwó nílé ńlá! N kò bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí bàbá ọkọ mi, nígbà tó wá síbi ìtọrọ, fi ní kí n kọ nǹkan sórí bébà fún òun, tó sì yẹ bébà náà wò pẹ́ ju bó ṣe yẹ ojú mi wò lọ.

Àlájì ni gbogbo ayé ń pè é. Èèyàn kúkurú, olóhùn jẹ́jẹ́, tí n kò gbọ́ kó pariwo rí. Ó ní òfin kan tó le ju gbogbo òfin ilé lọ: ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀tún la fi ń jẹun, ọ̀tún la fi ń gbà, ọ̀tún la fi ń fúnni, ẹsẹ̀ ọ̀tún la fi ń wọlé. Kò sí Mùsùlùmí tí kò mọ èyí, bàbá mi náà kọ́ mi, àmọ́ ti Àlájì kọjá bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ òsì na ife omi sí i, ó lè máà mumi mọ́ ní gbogbo ọjọ́ yẹn. "Ọ̀tún ni ti àlùbáríkà," ni ó máa ń wí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́.

Àárín ọ̀sẹ̀ kejì tí mo wọlé ọkọ ni wọ́n fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè lọ sí Mẹ́kà láìní yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́rìí pé wọ́n ti bupá fún un, wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀gbóná mú èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ bupá gbọ́dọ̀ lọ tò ní ọ́fíìsì ìlera, ara rẹ̀ á gbóná fún ọjọ́ díẹ̀, apá á wú. Ìrọ̀rùn ni ìdílé ọkọ mi ń tà. Ẹ mú orúkọ wá, ẹ padà sílé, káàdì yín á bá yín níbẹ̀. Ọkọ mi ló fi abẹ gbẹ́ òǹtẹ̀ ìjọba sára àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rọ́bà, ó sì gbẹ́ ẹ dáadáa, kò sírọ́ níbẹ̀. Èmi ni mo ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti nọ́ńbà. Ìkọ̀wé tó dára bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fura sí i?

Ojú mi ha fọ́ bí? Kò fọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé tí wọ́n ti ń pè mí ní "Ìyàwó wa" láìwo ojú mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń kọ, mo ń yin ara mi pé létà mi dúró ṣánṣán. Ìtìjú yẹn kò tíì kúrò lára mi, n kò sì fẹ́ kó kúrò.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń yẹ arìnrìnàjò wò kò gba káàdì nìkan mọ́. Wọ́n ní kí èèyàn ká aṣọ sókè, kí àwọn rí àpá. Ìbupá tòótọ́ máa ń fi àpá roboto sílẹ̀, tó jìn díẹ̀ sínú ara. Àwọn mìíràn ì bá jáwọ́ níbẹ̀. Àlájì kò jáwọ́. Ó lọ sí oko rẹ̀, ó ká kajú tútù wá, ó pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyàwó, ọwọ́ rẹ kì í gbọ̀n," ó wí. "Ìwọ ni kí o ṣe é."

Ẹni tó bá ti fi eyín fọ́ kóró kajú tútù rí mọ bí omi èèpo rẹ̀ ṣe ń jó ara. Mo máa fọ́ ọ, màá ki ẹnu ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, màá fi tọ́ apá èèyàn lójú kan. Ó máa lé, ó máa bẹ́, ó máa gbẹ. Tí èèpá rẹ̀ bá ṣí, àpá roboto wà níbẹ̀. Àlájì ló kọ́kọ́ na apá tirẹ̀, kí gbogbo ilé lè rí i pé kò pani.

Mo bi í pé, "Apá wo ni, Bàbá?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè ibi tí Kíbúlà wà. "Ọ̀tún ni o. Ẹni tó ń lọ sílé Ọlọ́run, ṣé òsì ni yóò máa nà síta?"

Ọ̀tún ni mo jó. Kò sí ẹnì kan nínú ilé yẹn tó ti jẹ́ kí wọ́n bupá fún òun rí, torí náà kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a ti ṣìnà. Èmi náà kò mọ̀. Ilẹ̀gbóná ti bá mi jà, kò sì sẹ́ni tó ronú pé mo nílò abẹ́rẹ́ kankan.

Ìyá ọlọ́ṣẹ ló kọ́kọ́ já mi láyà. Ó ń ta ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ní Ọjà-Ọba, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú owó ìrìnnà Mẹ́kà. Nígbà tí mo jó o lápá tán, ó ṣẹ́jú, kò ké. Ó wá dìde, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, láàárín àwọn kòtò yẹn gan-an, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn.

"Ọmọ mi, ìwọ mọ ohun tí ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀ yìí. Ọlọ́run á gbà ọ́ náà."

Kò mọ̀! Mo rò pé gbogbo àwọn tó ń wá mọ ohun tí wọ́n ń rà. Ìyá yìí rò pé oògùn ni omi kajú. Ó gbà pé mo ti fi òun sábẹ́ ààbò, pé ilẹ̀gbóná kò lè mú òun mọ́, ní Mẹ́kà tàbí níbikíbi. Ó gbé odidi ọṣẹ mẹ́ta fún mi. N kò lè fi wẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi, mo ní a ń fi ẹ̀mí àwọn èèyàn ṣeré. Ọkọ mi kì í ṣe ìkà. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ kò bá tíì sọ ọ́ ṣáájú.

"Àpá ni wọ́n fẹ́ rí, àpá la fún wọn," ó ní. "Wàhálà kí lo tún ń wá?"

Mo ti bí ọmọbìnrin kan fún un nígbà yẹn. Ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí inú agbè. Mo lè jókòó máa wo ojú yẹn títí tí ìkòkò mi á fi jó lórí iná.

Ọmọ náà ń kọ́ bí a ti ń jókòó nígbà tí wọ́n polongo pé àwọn abupá ìjọba ń bọ̀ wá káàkiri ìgboro. Wọ́n ní ìbọn ni wọ́n ń lò báyìí, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń fẹ́ oògùn wọnú ara láìlo abẹ́rẹ́, àti pé ojúlé kan kò ní ṣẹ́ kù. Ọkàn Àlájì kò balẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá bá gbogbo ilé rẹ̀ láìní àpá, ilé ẹni tí ó ń bá aráyé ṣètò káàdì ìbupá, kí ni yóò sọ? Ó ní kí n jó gbogbo wọn lápá kí àwọn èèyàn náà tó dé, lágbà lọ́mọdé, kí àpá ti gbẹ.

Ó gbé abọ́ kajú wá fúnra rẹ̀, ní ọwọ́ ọ̀tún, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí mo ń se ọ̀gì. Gbogbo obìnrin ilé ti tò sí àgbàlá. Ó nawọ́ sí ọmọ tó wà lẹ́yìn mi.

"Bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó kéré jù, kí o rí i ṣe tán kí oòrùn tó le."

Mo ní, "Bàbá, mi ò ní ṣe é."

Kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ rí nínú ilé yẹn. Ìyá ọkọ mi sáré wá, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó, kó kajú kí o ṣe ohun tí wọ́n ní kí o ṣe, nítorí Ọlọ́run. Ṣé fìtínà lo fẹ́ dá sílẹ̀ ni?"

"Ìyá, ẹ wo ojú mi," ni mo wí. "Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tó ṣe é ló pa ìyá mi. Irọ́ ò lè dá a dúró. Tí mo bá jó ọmọ yìí lápá, gbogbo ayé á máa rò pé ó ti bọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bupá fún un mọ́. Ẹ pa mí, mi ò ṣe é."

Àlájì kò gbé ohùn sókè. Ó kàn na abọ́ náà sí mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ni mo bá gba abọ́ náà, mo da gbogbo kajú náà sínú iná ọ̀gì mi. Ẹni tí kò bá da kajú tútù sínú iná rí, kó má dán an wò. Ó ń ta pàpà, ó ń tú èéfín dúdú, ó ń tu epo sókè. Àwọn ìyàwó ilé sá gba ibí, sá gba ọ̀hún, gbogbo wọn ń wúkọ́. Àlájì pàápàá gbé agbádá sókè, ó sá wọlé, inú ìkánjú yẹn ló sì ti fi ẹsẹ̀ òsì wọ inú ilé. Bí ayé bá gba ohun gbogbo lọ́wọ́ mi, kò lè gba ìran yẹn.

Mo jáde. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ọjà Ìpàtà, torí mo ti gbọ́ pé ibẹ̀ ni àwọn abupá wà lọ́jọ́ yẹn, lẹ́bàá àwọn tó ń já iṣu sílẹ̀ nínú lọ́rì. Nọ́ọ̀sì obìnrin kan ló di ìbọn mú, ó ga, ó wọ kákí. Mo tú ọmọ sílẹ̀, mo na apá ọ̀tún rẹ̀ sí i.

"Òsì ni, ìyá ọmọ," ó ní. "Apá òsì là ń gún."

Mo ní, "Ti ọmọdé nìkan ni, àbí?"

"Ti gbogbo èèyàn. Ọ̀tún lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣiṣẹ́, òsì la fi ń gba ìrora. Láti ibí dé Sókótó, òsì ni."

Ó tẹ ìbọn náà. Ọmọ mi ké, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ, ó parí. Èmi dúró síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Gbogbo àwọn tí mo ti jó! Gbogbo wọn, lápá ọ̀tún, lójú kan náà, bí ẹní fi èdìdì lù wọ́n! Nítorí ìwà mímọ́ Àlájì, a ti sàmì sára irọ́ wa fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tí ó yẹ kí ó wò.

Nọ́ọ̀sì náà bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo lè sọ pé kò sí nǹkan. Ilé ọkọ mi wà níbẹ̀, oúnjẹ mi wà níbẹ̀, bàbá ọmọ mi wà níbẹ̀. Mo rántí ọwọ́ ìyá ọlọ́ṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé bébà. Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, èmi ni mo ṣe é."

Ọ̀gá wọn kan wá, ọkùnrin, ó gbọ́ ọ, ó ní ṣé màá lè fọwọ́ sí i. Mo ní kí ló dé tí kò fi jẹ́ kí n kọ ọ́ fúnra mi? Mo jókòó lórí òkìtì iṣu, mo kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó kà á, ó wò mí, ó tún kà á. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ilé ẹlẹ́hàá ní ìgboro ni kì í jẹ́ kí àwọn ọkùnrin abupá wọlé, àwọn sì ń wá obìnrin tó mọ̀wé tí àwọn lè kọ́ ní iṣẹ́ náà.

"Pẹ̀lú ojú báyìí?" ni mo bi í.

"Ojú yẹn gan-an ni mo ń wá," ó ní.

Mo padà sílé láti kó ẹrù. N kò sá, mo fẹ́ kí wọ́n rí mi. Ọjà kì í pa àṣírí mọ́, ìròyìn ohun tí mo kọ ti ṣáájú mi délé. Àwọn àgbà ilé ti jókòó, ọkọ mi wà láàárín wọn, ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé ọmọ wá. Nígbà tí Àlájì rí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sí apá òsì rẹ̀, ó mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

"Òsì," ó wí. "O gbé ọmọ mi lọ sójà, o lọ fi òsì rẹ̀ han àwọn kèfèrí. O tún lọ sọ ọ̀rọ̀ ilé níta. Ṣé wọn ò sọ fún ọ lóko yín pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni?"

"Wọ́n sọ fún mi, Bàbá," mo ní. "Àmọ́ ibí kì í ṣe ilé baba mi. Ilé baba mi wà lójú ọ̀nà Afọ́n. Àgbẹ̀ tó ń bó ẹ̀gẹ́ ni, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ọwọ́ ọ̀tún ni màá fi júwe tiẹ̀ títí tí mo fi máa kú."

Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ dúró, kí n lọ sẹ́ ohun tí mo kọ, kí n padà sídìí káàdì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Mo wo ọkọ mi. Mo dúró dè é, mo jẹ́ kó rí i pé mo ń dúró dè é. Tó bá sọ gbólóhùn kan péré, bóyá ǹ bá tún inú rò. Ó ń fi èékánná họ ẹní. Mo gbé àpótí mi lérí, mo pọn ọmọ mi, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde.

Wọ́n pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ o. Àwọn kan ní Ọjà-Ọba kò tà fún mi fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí àkókò ìrìnnà Mẹ́kà dé, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní àpá lápá ọ̀tún bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì dá wọn padà. Àwọn tí wọ́n dá padà wá pàdé níwájú ilé Àlájì, sàdáákà Jímọ̀ kò sì lè tú wọn ká. Kò ṣẹ̀wọ̀n, ó mọ èèyàn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún mú orúkọ wá fún un.

Ìyá ọlọ́ṣẹ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo wá lọ ní kété tí wọ́n fi ìbọn lé èmi náà lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, obìnrin tí mo jẹ́, mo jẹ́wọ́. Ó gbá mi létí. Ó tún gbá mi lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló ká aṣọ, ó na apá òsì. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ ọṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ń fowó rà á ni, kò sì bùn mí ní ènì rí. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo rin gbogbo abúlé tó yí Ìlọrin ká, àti àwọn gáà, ìyẹn ibùdó àwọn Fúlàní, tí kò lọ́nà. Àwọn ọ̀gá wa máa ń fẹ́ ṣe àlàyé gígùn. N kò ṣe wáàsí kankan. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ oògùn kèfèrí, màá ṣí ìbòrí, màá ní, "Ẹ wo ojú mi. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun ní irú rẹ̀?" Kì í pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi máa ń ṣí. Ojú tí wọ́n fi ń bú mi láti kékeré! Kò sí ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fẹ́ fún mi tí màá fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Ọdún tí ìjọba yí ọ̀nà padà, tí ọkọ̀ tó ń rìn lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lápá ọ̀tún, ẹnì kan wá sọ fún mi pé Àlájì ń yọ̀ kiri. Ó ní ìjọba pàápàá ti wá mọ̀ pé ọ̀tún ló dára. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára.

Ó sì tó ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí n tó tún rí i. Mo ti kúrò lẹ́nu ìrìn abúlé, ọ́fíìsì ìlera ni wọ́n fi mí sí, àwọn arìnrìnàjò Mẹ́kà sì tò sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan. Mo gbójú sókè láti pe ẹni tó kàn, òun ló dúró níwájú mi. Ó ti gbẹ. Ó fi ọ̀pá dúró.

"Ìyàwó," ó wí. Kò sẹ́ni tó ti pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo jáde nílé rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Mo kúnlẹ̀ kí i, torí ilé ni wọ́n ti kọ́ mi. Mo dìde.

Ó tẹ̀ síwájú, ó ká ọwọ́ kàfùtáànì rẹ̀ sókè. Apá ọ̀tún ni. Àpá náà wà níbẹ̀, roboto, ojúlówó iṣẹ́ ọwọ́ mi. "Àpá ń bẹ," ó wí jẹ́jẹ́. "Káàdì nìkan ló kù. Jẹ́ ká bo ara wa láṣìírí. Ìwọ náà mọ ibi tó ti wá."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá," mo ní, n kò rẹ ohùn mi sílẹ̀. "Èmi ni mo fi kajú jó o. Apá òsì ni à ń gún níbí."

Àwọn tó tò lẹ́yìn rẹ̀ na ọrùn. Òsì rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ, ó dì í mú mọ́ra bí ẹni tó tọ́jú nǹkan.

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí láàárín èèyàn ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ bupá fún yín ni. Tí ẹ ò bá fẹ́, ọ̀nà nìyẹn, bí ẹ ṣe fi hàn mí nígbà kan."

A wo ara wa. Mo ti ro ọjọ́ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí màá sọ, bí màá ṣe lé e jáde. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, oògùn wà nínú ìgò, ìdí tí mo sì fi fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ibi tí mo wà lọ láìní ààbò, ìbáà ṣe òun. Mo dúró.  Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, ó yọ apá òsì síta, ó nà án sí mi lójú gbogbo èèyàn. Ó funfun ju ọ̀tún lọ, awọ rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ọmọdé.

Mo nu ún. Mo gún un. Ó ní "Bìsímílà" lábẹ́ èémí. Mo ṣí yẹ́lò káàdì tuntun, mo kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti nọ́ńbà, pẹ̀lú ìkọ̀wé tí ó tìtorí rẹ̀ wá tọrọ mi fún ọmọ rẹ̀, mo sì lu òǹtẹ̀ ìjọba lé e. Ó fi ọ̀tún gbà á, ó wò ó pẹ́.

"Ìkọ̀wé rẹ ṣì dára," ó ní.

"Ó dára ju ti ìgbà yẹn lọ, Bàbá," mo ní. "Òótọ́ ni mo ń kọ báyìí."

Mo gbójú sókè, mo pe ẹni tó kàn.